Bí Ọmọ Àgbàtọ́ Ṣe Lè Wá Ìdílé Tí Wọ́n Ti Bí I ní Òṣogbo

Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí ní ọdún 1984, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin péré ni mo lò níbẹ̀ kí àwọn òbí tí ó gbà mí tọ́ tó gbé mi lọ sí Ìbàdàn. Mo ti pé ọmọ ọdún 23 kí n tó gbọ́ pé ọmọ àgbàtọ́ ni mí, ọdún mẹ́fà gbáko ni mo sì fi wá àwọn ènìyàn mi kí n tó rí wọn. Ọdún méjì nínú mẹ́fà náà ni mo fi ṣòfò nítorí àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo ṣe nínú agboolé kan, èyí tí n óò rò fún yín nígbà tí a bá débẹ̀. Obìnrin tí ó wà ní irú ipò tí mo wà nígbà náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tí ipasẹ̀ rẹ̀ bá já sí Òṣogbo tàbí sí àwọn ìlú tí ó yí i ká, bí Ẹdẹ, Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ìkìrun.

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ìyókù dúró lé: ìyá tí ó bí yín ní àṣírí. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ tí ó wà nílé rẹ̀ lónìí má mọ̀ pé ó ti bí ọmọ kan fún ẹlòmíràn rí, kí àwọn ọmọ tí ó bí lẹ́yìn yín má sì gbọ́ nǹkan kan nípa yín. Ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ ibi tí ẹ ti wá. Nígbà tí dókítà bá bi yín pé ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé yín, tàbí tí àwọn àna bá ń ṣe ìwádìí ilé kí wọ́n tó gbà láti fi ọmọ wọn fẹ́ yín, ẹ̀yin ni ẹ máa ń wolẹ̀, mo sì mọ bí ó ti ń dun ni tó. Síbẹ̀ ẹ̀tọ́ náà kò fún wa ní àṣẹ láti tú obìnrin mìíràn síta lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Gbogbo ohun tí n óò sọ nípa bí a ṣe ń béèrè, ẹni tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ àti ibi tí a ti ń pa ẹnu mọ́, inú ọ̀rọ̀ yìí ni ó ti jáde.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó tọ́ yín ni ìbẹ̀rẹ̀ wà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń sá fún ibi yìí. Ó rọrùn fún wa láti lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tàbí láti kọ ọ̀rọ̀ sí orí Facebook ju pé kí a jókòó ti ìyá tí ó tọ́ wa, nítorí ẹ̀rù ń bà wá pé inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bi màmá mi ní Ìbàdàn léèrè, ó dìde nídìí oúnjẹ, ó wọ yàrá lọ, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní àárọ̀, mo ní, “Màmá, ẹ̀yin ni ẹ tọ́ mi, ẹ̀yin náà ni ẹ ó sì jèrè mi. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tí ó bí mi ni.” Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ó pè mí wọ yàrá tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí àwọn òbí yín bá kọ́kọ́ bínú, ẹ fún wọn ní àkókò. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì lè ti ẹnu wọn jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ má ṣe béèrè ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì béèrè lójú àlejò. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ kò ju wọ̀nyí lọ: ta ni ó gbé yín lé wọn lọ́wọ́, ibo ni ó ti ṣẹlẹ̀, ṣé ilé ìwòsàn ni, ilé ọmọ òrukàn ni, àbí ilé ẹnì kan, ta ni ó ṣe alárinà, orúkọ wo ni ẹ ti ń jẹ́ bọ̀, aṣọ wo ni wọ́n fi wé yín, àti pé ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún yín ní oúnjẹ kan jẹ. Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí, nítorí ẹni tí ó bá ń gbé ọmọ sílẹ̀ tí ó sì rántí èèwọ̀ ilé rẹ̀, ó ti fi àmì ilé náà sí ọmọ náà lára. Ẹ kọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, kódà bí ọ̀rọ̀ òní bá tako ti àná.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn gbọ̀ngbọ̀n a máa rántí ohun tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú lọ́jọ́ náà kò rí. Àbúrò màmá mi tí ó bá wọn lọ sí Òṣogbo ni ó sọ fún mi pé ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀ padà, pé ìyá àgbàlagbà kan ni ó gbé mi wá sí ibùdó ọkọ̀ náà, pé ọwọ́ ìyá náà dúdú minijọ dé ọrùn ọwọ́, àti pé ó tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé, “Ìdòwú ni orúkọ rẹ̀, ẹ má yí i padà.” Màmá mi kò rántí ọwọ́ náà rárá. Ojú ọmọ ni ó ń wò.

Ẹ ka orúkọ yín

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ìdí sì nìyí tí orúkọ fi lè mú ọmọ padà sílé. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ àgbàtọ́ tí ó jẹ́ Yorùbá ní lọ́wọ́, n kò rí èyí tí ó níye lórí tó orúkọ tí wọ́n bá ọmọ náà nílẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní òmíràn. Ìdòwú ni ọmọ tí ìyá bí tẹ̀lé ìbejì. Ìyẹn ni pé, láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ náà, n kò wá obìnrin tí n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́: ìyá ìbejì ni mò ń wá, tí ó bí ọmọbìnrin lé wọn ní 1984, tí ìyá rẹ̀ sì ń rẹ aró, nítorí aró ni ó máa ń sọ ọwọ́ di dúdú bẹ́ẹ̀. Òṣogbo tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò lè pọ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń jẹ́ Táíwò tàbí Kẹ́hìndé, ẹnì kejì yín wà níbì kan, tàbí ó ti wà rí. Àlàbá ni ó tẹ̀lé Ìdòwú, nítorí náà ọmọ mẹ́ta ó kéré tán ti ṣáájú rẹ̀ nínú ìyá rẹ̀. Yétúndé ń sọ pé ìyá àgbà kan ti kú nínú ìdílé náà kí wọ́n tó bí yín, àwọn àgbà a sì máa rántí ọdún ikú ju ọdún ìbí lọ. Bídèmí ń fi hàn pé baba kò sí nílé nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà. Abíọ́nà ń sọ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i sí. Àìná ni ọmọbìnrin tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn, agbẹ̀bí tí ó gbà á kì í sì í tètè gbàgbé. Bí Málọmọ́ tàbí Dúrósinmí ni wọ́n ń pè yín, ìyá yín ti sin ọmọ rí, ẹ sì rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń bínú pé ó gbé yín fún ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá mọ orúkọ baba tàbí ti ìdílé, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé onílù ni Àyàn ti sábà máa ń wá, ilé eégún ni Ọjẹ̀, ilé babaláwo ni Ifá, Fá àti Awo. Ọdẹ àti Ògún a máa tọ́ka sí ilé ọdẹ tàbí ti alágbẹ̀dẹ. Ní Òṣogbo, ẹ ó rí Ọ̀ṣun àti Omi nínú orúkọ gan-an, nítorí àwọn tí ó tọrọ ọmọ lọ́wọ́ odò náà. Ẹ ṣọ́ra ṣá o: ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó gba ẹ̀sìn Kristi ti yọ Ifá kúrò nínú orúkọ wọn, wọ́n sì ti fi Olú dípò rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìjọ lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń pe agboolé náà ní àdúgbò. Ẹ máa béèrè méjèèjì. Ilà ojú kò lè ṣèrànwọ́ púpọ̀ fún ẹni tí ó bá kéré ju ogójì ọdún lọ, nítorí àwọn òbí ti ń jáwọ́ nínú ilà kíkọ tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Pé wọ́n bí yín ní Òṣogbo kò túmọ̀ sí pé ọmọ Òṣogbo ni ìdílé yín. Ìtàn ìlú náà sọ pé láti Ìpólé ni Laróòyè àti Olútìmẹ́hìn ti wá tẹ̀ ẹ́ dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé wá láti àwọn ìlú Ọ̀yọ́ ni ó fi ibẹ̀ ṣe ilé, àwọn mìíràn sì tún wá lẹ́yìn ogun 1840, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin níbẹ̀. Ojú irin dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì kó oníṣòwò láti ibi gbogbo wá. Ilé-iṣẹ́ irin sì kó òṣìṣẹ́ wá ní àwọn ọdún 1980. Nítorí náà, bí oríkì orílẹ̀ tí ẹ bá gbọ́ ní agboolé kan ní Òṣogbo bá ń tọ́ka sí Ìkòyí tàbí Ìrẹsà, kò sí ẹni tí ó ṣì í kì. Bí ó bá sì jẹ́ pé àdúgbò ibùdó ọkọ̀ ojú irin tàbí Sábó ni wọ́n ti gbà yín, ẹ fi sọ́kàn pé baba tàbí ìyá yín lè jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ gbé wá tí iṣẹ́ sì tún gbé lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé

Bí ó bá jẹ́ pé kóòtù ni ó fọwọ́ sí ìgbàtọ́ yín, ìwé wà níbì kan. Ẹ kọ́kọ́ wo ọdún. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Láti 1976 títí di ìgbà náà, abẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo wà, kí ó tó di 1976 ó sì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ náà jẹ́ Ìbàdàn. Ẹni tí wọ́n bá gbà tọ́ kí ó tó di 1991 kò gbọdọ̀ jókòó sí Sẹkitéríàtì Abẹ̀rẹ̀ nìkan. Kí ó lọ béèrè ní Ìbàdàn pẹ̀lú. Oṣù márùn-ún ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀ ní Òṣogbo kí akọ̀wé àgbà kan tó ṣàánú mi tí ó sì sọ èyí fún mi.

Ní ọ̀dọ̀ ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí ó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé ni ẹ ó bá. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ so ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí yín mọ́ ọn, pẹ̀lú ìwé ìbúra láti kóòtù pé ẹ̀yin ni ẹni tí ẹ sọ pé ẹ jẹ́, kí ẹ sì gba àmì òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ yín. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti sọ di òfin tirẹ̀, ní kí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ àgbàtọ́ wà, kí ọ̀nà sì wà láti so orúkọ inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìwé ìbí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìsopọ̀ yẹn kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn: àṣẹ kóòtù ni ó ń ṣí i. Nítorí náà, bí wẹ́fíà bá sọ pé àwọn kò lè fi fáìlì hàn yín, ẹ má bá wọn jà. Ẹ wá lọ́yà tí yóò bá yín kọ̀wé sí ilé ẹjọ́, kí ó sì sọ ìdí tí ẹ fi nílò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ìgbéyàwó jẹ́ ìdí tí adájọ́ lè gbà yẹ̀ wò.

Ilé ìwòsàn a máa ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ó bímọ sí, ìjọ a máa ní ìwé ìtẹ̀bọmi, ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ti ń forúkọ ìbí sílẹ̀ kí òfin 1992 tó gbé iṣẹ́ náà lé Àjọ Ètò Ìkànìyàn lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n ti bí mi, wọ́n ní omi ti wọ yàrá ìwé, pé kò sí ohun tí ó ṣẹ́kù fún 1984. Mo sunkún lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè bóyá nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí kan tí ó ti fẹ̀yìn tì láti ibẹ̀ ṣì wà ní ìlú, nítorí omi kò lè wọ orí ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ jù lọ wa ni kò tilẹ̀ ní ìwé rárá. Ẹbí gbé ọmọ fún ẹbí, ọ̀rẹ́ gbé e fún ọ̀rẹ́, ó parí. Bí ó bá jẹ́ irú tiyín nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ìwé dá yín dúró.

Bí a ṣe ń wọ agboolé

Nísinsìnyí, àṣìṣe mi. Ní ọdún kẹta ìwádìí mi, ẹnì kan sọ fún mi pé agboolé kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí àwọn ìyá ibẹ̀ ń rẹ aró láti ayébáyé. Mo dé ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan, mo dúró sí àárín ọgbà, mo di fóònù mú láti ya ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, mo sì sọ fún gbogbo ẹni tí ó jókòó pé ọmọ wọn ni mí, pé ìyá ìbejì kan nínú ilé náà ni ó bí mi ní 1984. Ilé náà dákẹ́. Baálé jáde, ó fi sùúrù bi mí pé ta ni ó rán mi, ó sì sọ pé kò sí ẹni tí ó bímọ sọnù nílé àwọn. Ilé náà gan-an ni. Ìyá mi ti lọ sílé ọkọ mìíràn ní ìgbà náà, ìbátan ọkọ náà méjì sì wà lára àwọn tí ó jókòó ní ọgbà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Baálé pa irọ́ láti bo ọmọ rẹ̀ obìnrin láṣìírí, n kò sì lè bá a wí. Ọdún méjì ni ilẹ̀kùn náà fi tì.

Bí mo bá tún un ṣe, báyìí ni n óò ṣe é. N óò wá alárinà, ẹni tí ó dàgbà ju mi lọ, tí wọ́n mọ̀ ní àdúgbò, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì lè gbé e wọ ilé náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Nígbà tí mo gbọ́n tán, ìyá aláró kan tí ń ta àdìrẹ ni ó ṣe é fún mi. Mo ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin, mo ti mọ bí a ti ń kí aláró pé “Àrẹdú o” kí n tó sọ ohun mìíràn, kí n tó la ọ̀rọ̀ mi fún un. Nígbà tí mo sọ ti ọwọ́ dúdú àti ti Ìdòwú, ó wò mí pẹ́, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, sùúrù ni kí o ní, máa lọ sílé, kí o má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.” Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ó yọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bí ẹ kò bá mọ ẹnì kankan, ẹ lè lọ sí ààfin Àtáọ́ja kí ẹ béèrè ìjòyè tí agboolé tí ẹ ń wá wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín fún òun nìkan, ní ìkọ̀kọ̀. Nínú agboolé, baálé ni ẹ ó kọ́kọ́ kí, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ilé, pàápàá ìyá tí ó dàgbà jù, ni ó mọ ẹni tí ó lóyún àti ìgbà tí ó lóyún. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oúnjẹ ti kúrò nílẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ má mú ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán dání. Ẹ má dárúkọ ìyá yín níwájú ọkùnrin tí ẹ kò mọ̀. Ohun tí ó dára láti sọ ni pé ẹ ń wá ìdílé ìyá àgbà kan tí ó ṣe yín lóore nígbà kan. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sì tú ẹnikẹ́ni síta.

Ẹ tètè mú ọ̀rọ̀ ogún kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó ń fura pé ilẹ̀ àti ilé ni ọmọ tí ó ṣàdédé yọjú ń wá, ìfura náà sì lè mú wọn sẹ́ yín. Ẹni tí kóòtù bá ti fi fún alágbàtọ́, òfin kà á sí ọmọ alágbàtọ́ nínú ọ̀rọ̀ ogún, ẹ sì lè sọ èyí fún wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí kò bá sí ìwé kóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ó tó ṣèlérí ohunkóhun.

Ní ti àkókò, oṣù kẹjọ tí wọ́n ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun dára fún rírí àwọn ọmọ ìlú tí ó ti òkèèrè dé, ṣùgbọ́n kò dára fún bíbéèrè ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ àgbà, nítorí ilé kún, ọwọ́ sì dí. Ẹ lọ nígbà náà láti mọ ojú àwọn ènìyàn àti láti rí ibi tí wọ́n ti bí yín. Ẹ padà wá béèrè nígbà tí ìlú bá rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lo Facebook, WhatsApp tàbí ìkéde orí rédíò, ẹ sọ ọdún àti ìlú, kí ẹ sì fi ohun kan pamọ́ tí ẹbí tòótọ́ nìkan lè mọ̀. Èmi kò kọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ aró síbì kankan rí. Ènìyàn mẹ́rin ni ó pè mí pé àwọn ni ẹbí mi, méjì nínú wọn sì ti béèrè owó ọkọ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé irú iṣẹ́ wo ni ìyá àgbà tí ó gbé mi sílẹ̀ ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Ohun tí kò wọ́n ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Jẹnotáípù àti irú ẹ̀jẹ̀ kò lè fi hàn pé ẹnì kan ni ó bí yín, ṣùgbọ́n ó lè fi hàn pé òun kọ́. Ẹni tí ó jẹ́ SS, ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ kò lè jẹ́ AA. Ẹni tí ó jẹ́ AA, òbí rẹ̀ kan kò lè jẹ́ SS. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O kì í sábà ní òbí tí tirẹ̀ jẹ́ AB. Bí ó bá tako, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó ná owó DNA.

DNA ni ó ń parí ọ̀rọ̀. Ìyá tàbí baba àti ọmọ pín ìdajì. Ọmọ ìyá kan náà tí baba wọn yàtọ̀ a máa pín bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò pín bí ìdá 12.5. Ẹ kíyè sí i pé ìdá 25 kan náà ni ènìyàn máa ń pín pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀ àti pẹ̀lú àbúrò ìyá rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ orí ni ẹ ó fi mọ ìyàtọ̀. Ọmọbìnrin kò ní apá DNA tí baba ń fi sílẹ̀ fún ọmọkùnrin nìkan, ìyẹn ni pé bí ẹ bá ń wá ìdílé baba ní ọ̀nà yẹn, ẹ nílò arákùnrin tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ baba kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ bí MyHeritage àti 23andMe tí ń gba itọ́ tàbí ohun tí wọ́n fi nù inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè fi yín mọ ìbátan tí ó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀ kò lè fara hàn, àwọn tí ó wà nílé tí ó ti ṣe é kò sì pọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé Nàìjíríà ni ẹ ti wá, ìyẹn kì í ṣe ìdílé. Ẹ má sì gba itọ́ tàbí irun ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Ní 2018 ni Kẹ́hìndé, ọ̀kan nínú ìbejì tí ó ṣáájú mi, gbà pé kí a ṣe é. Ìdá 25 ni ó jáde. Ó bá ohun tí wọ́n ti sọ fún mi mu: baba àwọn ìbejì ti kú, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin kan tí ó ti ìlú mìíràn wá ni ó bí èmi. Òun ni mo ṣì ń wá.

Nígbà tí ẹ bá rí wọn

Ẹ jẹ́ kí ìyá yín yan ibi tí ẹ ó ti pàdé. Tèmi yan ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlobùú, níbi tí ẹnikẹ́ni láti ilé ọkọ rẹ̀ kì í dé. Ẹ má mú ìbéèrè tí ẹ ti kọ sílẹ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má sì béèrè ìdí tí ó fi gbé yín sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, yóò sọ ọ́. Ẹ pè é ní ohun tí ó bá rọ̀ yín lẹ́nu. “Ìyá mi” ni mo ń pe tèmi, “Màmá” sì jẹ́ ti ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn, àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ rí yín, ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ alárinà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà náà. Ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé wa ni ìyá mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀. Inú mi dùn pé kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹni tí ó lè ki oríkì ilé náà nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Ìyá àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú ti kú kí n tó débẹ̀, àbúrò rẹ̀ ni ó kì mí, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, lórí ẹní, ó di ọwọ́ mi mú. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀. Ẹ má dá a dúró láti béèrè ìtumọ̀, nítorí oríkì a máa já lẹ́nu arúgbó tí a bá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ padà wá ní ọjọ́ kejì kí ẹ tẹ́tí sí i pọ̀, kí ẹ máa béèrè ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà mẹ́rin wà nínú tèmi tí kò sí ẹni tí ó tún mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ilé náà. Mo kọ wọ́n bí wọ́n ṣe dún.